Fáànù Mi Yege, Ó sì Kú Sójú Títì

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fáànù àgbà wá oúnjẹ òòjọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹ̀yin tí ẹ ń kó àga àti kúlà kiri gbọ̀ngán àríyá, ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹni ẹlẹ́ni kó kúrò nílé, tí ẹ̀yìn ń dùn yín, tí ẹlẹ́rù tún ń sọ pé ẹ ti ha tẹlifíṣọ̀n òun lára, ẹ súnmọ́ mi, torí ẹ̀yin nìkan lọ̀rọ̀ yìí máa yé. Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun, tí ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀, òun gan-an kò lè mọ̀ ọ́n, torí òfin ò tiẹ̀ ní kó gbé e lọ síbì kankan fún àyẹ̀wò títí ọkọ̀ náà á fi pé ọdún 3. Ọdún 3 gbáko! Ó ń jayé orí ẹ̀. Àwa tí fáànù wa ju àbígbẹ̀yìn wa lọ lọ́jọ́ orí, ọdọọdún là ń jẹ́jọ́.

N ò mọ ohun tí mo fi ṣe ẹni tó dá MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún yẹn, sílẹ̀. Ernest Marples lorúkọ rẹ̀, òun ni mínísítà ètò ìrìnnà nígbà náà, ọdún 1960 ló sì gbé e dé. 1960, ẹ gbọ́ o! Ọdún tí wọ́n tú Nàìjíríà sílẹ̀ náà ni wọ́n de mọ́tò mọ́lẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ tó bá ti lo ọdún 10 nìkan ló kàn, bíréèkì, iná àti ìdarí rẹ̀ ni wọ́n sì ń wò. Ìyẹn ò burú, ó ṣeé fara dà. Àmọ́ ṣé òyìnbó mọ ibi tó yẹ kó dúró sí ni? Wọ́n fà á wálẹ̀ sí ọdún 7, nígbà tó fi máa di 1967 ó ti di ọdún 3, àtìgbà náà ni wọ́n sì ti ń fi nǹkan kún un, wọ́n fi táyà kún un, wọ́n fi bẹ́líìtì kún un, wọ́n fi èéfín kún un, wọ́n fi àwọn iná wínníwínní orí dáṣíbọ́ọ̀dù kún un, ó wá ku ohun tí wọn ò fi kún un, ohun yẹn gan-an ló sì pa mí. Ẹ ní sùúrù, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Bọ̀dá kan tí a jọ ń kí ara wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ta fáànù náà fún mi. N ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó ṣì ń gbé àpótí ọrẹ kọjá níwájú mi lọ́jọ́ Ìsinmi, á sì wò mí lójú kòrókòró kí n tó ju nǹkan sí i. Fáànù dísẹ́ẹ̀lì ni, funfun, ó ga, ó gùn, kó àga kún un, kúlà á ṣì ráyè. Bọ̀dá yìí ò sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì. Kò sọ̀rọ̀ gíà. Ìwé kan ṣoṣo ló fà yọ, ó tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, MOT oṣù 12 rèé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é ni. Kò sí advisory, kò sí ìkìlọ̀ kan ṣoṣo lórí ẹ̀. Ẹ wò ó fúnra yín.” Ohùn tó fi sọ ọ́! Ẹ ò bá rò pé dókítà ló kọ ọ́, pé wọ́n ti gbé fáànù náà sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù.

Ẹ má sì ní mi ò wádìí o. Mo wádìí! Ìjọba ní ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, téèyàn bá ti tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ síbẹ̀, gbogbo àyẹ̀wò tí ọkọ̀ náà ti ṣe láti 2005 á jáde síta: ọjọ́ tó yege, ọjọ́ tó feèlì, ohun tó fi feèlì, máìlì tó ti rìn lọ́jọ́ náà. Mo kà á látòkè délẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ táyà, mo ka ọ̀rọ̀ wáípà, mo ka ti páìpù bíréèkì tó dípẹtà tí wọ́n pààrọ̀. Mo mọ ìtàn fáànù yẹn ju ìtàn ìdílé bàbá mi lọ. Máìlì rẹ̀ ń gòkè lọ́dọọdún bó ṣe yẹ, ẹnikẹ́ni ò yí i padà sẹ́yìn. Kí ló tún kù kí èèyàn ṣe? Ẹ sọ fún mi! Ṣé kí n bá a gbààwẹ̀ ni?

Orí Old Kent Road ló kú sí.

Ọ̀sán Sátidé ni, àga kún ẹ̀yìn, kúlà ìrẹsì wà níbẹ̀, ti mọ́ínmọ́ín wà níbẹ̀, ti ẹran wà níbẹ̀, Alhaja kan ń ṣe ọgọ́ta ọdún ní Peckham, iná pupa dá wa dúró, iná di ewéko, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo ti gíà sí ẹyọ kìíní, ó ní gbàràgàdà! Mo fà á padà, mo tún un tì, kò wọlé, ni ọ̀pá gíà bá ń fì síwá fì sẹ́yìn lọ́wọ́ mi, kò sí ohun tó dì í mú nísàlẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnì ń kùn, iná iwájú ń tàn rekete, tiráfíkétọ̀ ń ṣẹ́jú, wáípà ń nu gíláàsì, họ́ọ̀nù ń dún, bíréèkì dì pinpin, bẹ́líìtì fún mi láyà, gbogbo ohun tí ìjọba ń yẹ̀ wò lára ọkọ̀ pátá ló ń ṣiṣẹ́, fáànù nìkan ni kò lọ!

Bọ́ọ̀sì pupa kan wà lẹ́yìn mi tó ń fọn fèrè. Ọmọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ó gbá ẹ̀gbẹ́ fáànù gbàmù, kí ni mo ṣe fún un? Fóònù ń dún.

“Bàbá Káyọ̀, ẹ̀yin dà? Àlejò ti dé, ìdúró ni wọ́n wà! Ìyá ọkọ ọmọ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn!”

Mo ní, “Alhaja, ẹ má bínú, mo ti dé tán, fáànù ló ṣe mí báyìí.”

“Kí ló ṣe é? Ṣé kò ní MOT ni?”

“Ó ní MOT, mà.”

“Tó bá ní MOT, kí ló wá ń ṣe é?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá Alhaja lóhùn. Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún gbọọrọ, tó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, tó ti lo ọkọ̀ ṣáájú mi, òun náà gbà pé bí MOT bá ti wà lára ọkọ̀, ara ọkọ̀ le nìyẹn. Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀. Orí ìgbàgbọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ta fáànù fún wa.

Ọkùnrin tó wá wọ́ wa kúrò lójú títì kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Bó ṣe ń fi ṣéènì kọ́ fáànù, mò ń rojọ́ fún un, mo ní MOT rẹ̀ kò tíì tán, kò ní advisory kan. Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín o! Ó ní MOT kì í wo gíà. Mo ní kò burú, ẹ́ńjìnì ńkọ́? Ó ní kì í wo ẹ́ńjìnì. Kílọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ó mi orí. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, torí náà nígbà tí mo délé, tí ojú Alhaja kò sí lára mi mọ́, mo lọ ka ohun tí ìjọba fúnra rẹ̀ kọ. Ó wà níbẹ̀ kedere. Àyẹ̀wò MOT kò kan bí ẹ́ńjìnì, kílọ́ọ̀ṣì tàbí gíà ọkọ̀ ṣe rí.

Yéè! Ẹ̀yin tí orí yín pé, ẹ jọ̀ọ́, téèyàn bá yọ ẹ́ńjìnì, kílọ́ọ̀ṣì àti gíà kúrò lára fáànù, kí ló kù? Yàrá onírin ló kù! Yàrá onírin tó ní iná àti wáípà! Ohun tí wọ́n fún bọ̀dá onígbàgbọ́ yẹn ní sátífíkéètì rẹ̀ nìyẹn, òun náà sì gba owó fáànù odidi lọ́wọ́ mi.

Mo mọ ohun tí àwọn alámọ̀tán á sọ. Wọ́n á ní torí ààbò ni wọ́n ṣe dá àyẹ̀wò yẹn sílẹ̀, kí èèyàn má baà fi ọkọ̀ pa ọmọ ọlọ́mọ; pé bí gíà bá bàjẹ́, ọkọ̀ kàn máa dúró ni, ọkọ̀ tó sì dúró kò lè gbá ẹnikẹ́ni. Ó dáa. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò sí fáànù tó láàbò tó tèmi ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó yẹ kí wọ́n fún mi ní àmì ẹ̀yẹ.

Mo ra gíà mìíràn, èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá. N ò ní sọ iye rẹ̀ níbí, torí ìyàwó mi máa ń ka ohun tí mo bá kọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ni pé ibi tí fáànù wà lórí jáàkì, tí à ń dúró de gíà, tí mẹkáníìkì ń sọ pé “ọ̀la” lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni MOT rẹ̀ ti kú. Òfin gbà kí èèyàn ṣe tuntun nígbà tó bá ku oṣù kan ó dín ọjọ́ kan kí ti tẹ́lẹ̀ tán, ọjọ́ rẹ̀ kò ní yí padà. Ṣùgbọ́n fáànù tí kò ní gíà nínú, ta ló máa tì í débẹ̀? Bó bá sì ti kú, ẹ ò gbọdọ̀ wà á mọ́, àyàfi bí ẹ bá ń gbé e lọ sí ibi àyẹ̀wò tí ẹ ti gba àyè sílẹ̀ tàbí ibi tí wọ́n á ti tún un ṣe. Ọlọ́pàá tó bá mú yín, ó lè di ẹjọ́ £1,000. Ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn! Lórí yàrá onírin!

Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ owó àyẹ̀wò náà. Mọ́tò kékeré àti fáànù fẹ́ẹ́rẹ́, iye tó ga jù tí òfin gbà kí wọ́n gbà ni £54.85. Àmọ́ fáànù tí ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún un pẹ̀lú ẹrù bá ju 3,000 kílò lọ tí kò ju 3,500 lọ, ìpele 7 ni wọ́n fi í sí, tirẹ̀ lè dé £58.60. Ẹ bá mi yọ ọ́: £3.75. Kì í ṣe owó ló dùn mí, ó dùn mí náà o, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe gbogbo ibi àyẹ̀wò ló ní irinṣẹ́ ìpele 7. Èyí tó wà ní ìkángun àdúgbò wa, tí mo lè fi ẹsẹ̀ rìn dé, wọ́n ní fáànù mi ti sanra jù. Onímọ́tò kékeré á máa rí ẹ̀dínwó níbí, á máa rí ẹ̀dínwó lọ́hùn-ún, wọ́n á tún fún un ní kọfí. Èmi ni mo ń bẹ̀bẹ̀ lórí fóònù kí wọ́n tó gbowó mi.

Nígbà tí gíà wọlé tán, tí mo dé ibi tó gbà láti yẹ̀ ẹ́ wò, olùyẹ̀wò yọjú sí ẹ̀yìn fáànù, ó ní òun ò ní yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ló dé? Àga wà nínú rẹ̀! Òfin gbà fún un láti lé ọkọ̀ padà bí ẹrù inú rẹ̀ kò bá dì dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ló lè lé èyí tó bá dọ̀tí jù. Mo ní ọ̀gá, oníàga ni mí, iṣẹ́ mi nìyẹn, níbo ni kí n kó o sí? Kò dáhùn. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga sílẹ̀ síwájú ilé iṣẹ́ wọn, òjò ń wẹ́ lé mi lórí, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí wọ́n má baà dí ọ̀nà, kò pẹ́ tí ìyá òyìnbó kan tó mú ajá dání fi wá jókòó lórí ọ̀kan nínú wọn, ó ní ó ṣeun, ó ti rẹ òun. Ajá náà dùbúlẹ̀ sábẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e. N kò sọ nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi ojú mi rí nínú ilé. Èéfín ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Olùyẹ̀wò bi mí nígbà wo ni wọ́n pààrọ̀ timing belt, mo ní mi ò mọ̀, fáànù náà ní bàbá mìíràn kí n tó gbà á tọ́. Ó ṣe họ̀ọ́n, ó jókòó síbi ìwakọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀ dé ibi tí kò lè lọ síwájú mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ariwo yẹn rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe ń yẹ èéfín dísẹ́ẹ̀lì wò nìyẹn: wọ́n á lé ẹ́ńjìnì dé góńgó, wọ́n á jẹ́ kó rọlẹ̀, wọ́n á tún lé e. Èmi tí mo máa ń yí i jẹ́jẹ́, tí mo máa ń kí i láàárọ̀ kí n tó ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́! Ẹ́ńjìnì tí wọn ò ní wò bóyá ó dáa, wọ́n wá ń fi agbára lù ú torí pé wọ́n fẹ́ wo ohun tó ń jáde nídìí rẹ̀. Bó bá kú sí wọn lọ́wọ́ ńkọ́? Mo béèrè. Ó nawọ́ sí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, n ò rí i kà, lẹ́tà rẹ̀ kéré.

Èéfín yege. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín, mo máa padà sórí èéfín.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e sókè. Olùyẹ̀wò mú irinṣẹ́ kékeré kan, ó ń fi kan abẹ́ ọkọ̀, kọ́, kọ́, kọ́, ó ń gbọ́ ibi tí irin ti jẹra. Ìpẹtà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́; ibi tó wà ló ń sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Bó bá ti jẹ irin jinlẹ̀ láàárín 30 sẹ̀ǹtímítà sí ibi tí wọ́n ti de bẹ́líìtì, tàbí ìdarí, tàbí bíréèkì, tàbí ọwọ́ tó gbé táyà mọ́ ara ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ gboùn rẹ̀: kọ́, kọ́, kọ́, pùrọ́! Irinṣẹ́ wọlé! Ó wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bẹ́líìtì ìjókòó mi ti dúró, bẹ́líìtì kan náà tó fún mi láyà tó bẹ́ẹ̀ lórí Old Kent Road.

Mo ní, “Ọ̀gá, ọdún tó kọjá kò sí advisory kan lórí fáànù yìí.” Ó ní òun rí i bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Ṣé òru kan ni ìpẹtà fi ń hù?” Ó ní rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò kò láṣẹ láti tú ohunkóhun, kò gbọdọ̀ yọ ìdérí, kò gbọdọ̀ ká kápẹ́ẹ̀tì, ohun tí ojú bá rí ni yóò kọ. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà dúdú bo gbogbo abẹ́ rẹ̀ kó tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò ọdún yẹn, ọ̀dà náà ti wá ń bó. Ẹnì kan! Ta lẹni náà? N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Ìsinmi ń bọ̀.

Ẹ ní kí n fẹjọ́ sùn? Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò! Àyè wà, lọ́dọ̀ DVSA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àyẹ̀wò náà: bí ẹ bá rò pé wọ́n ṣèèṣì jẹ́ kí ọkọ̀ yege, oṣù 3 lẹ ní bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpẹtà, ọjọ́ 28 bó bá jẹ́ ohun mìíràn. Oṣù 3! Ìgbà tí oṣù 3 fi máa pé, ṣebí ọ̀dà náà ṣì ń dán! Bí wọ́n bá sì ní ọkọ̀ feèlì tí ẹ kò gbà, ẹ ní ọjọ́ iṣẹ́ 14, ẹ ò gbọdọ̀ tún ohun tó bàjẹ́ náà ṣe kí wọ́n tó wá wò ó, ẹ ó sì tún san owó àyẹ̀wò náà látòkè, bóyá wọ́n á dá a padà bí ẹ bá jàre. Fáànù á wà nílẹ̀, àga á wà nílẹ̀, ẹ̀yin náà á wà nílẹ̀.

Ìdájọ́ dé. Láti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2018 ni wọ́n ti pín ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: kékeré, ńlá, àti èyí tó léwu. Kékeré kì í dí èèyàn lọ́wọ́, ńlá ń feèlì, èyí tó léwu, ẹ ò tiẹ̀ gbọdọ̀ wa ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀. Advisory wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìyẹn ni ohun tí kò tíì bàjẹ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ kí ẹ máa ronú lé lórí lóru. Gílóòbù tó ń tàn sí nọ́ńbà ẹ̀yìn, méjì ni, ọ̀kan kú: kékeré. Bí méjèèjì bá kú ni ì bá di ńlá. Ẹ wo òye! Ìpẹtà ìdí bẹ́líìtì: ńlá. Ìyẹn tọ́, n ò bá wọn jà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìkejì: omi tí wáípà fi ń fọ gíláàsì iwájú kò jáde. Ńlá! Omi! Omi lásán! Ó tán nínú ike ni! Èmi tí aṣọ mi ń ro tótó níwájú wọn, tí ìyá alájá náà ti sá wọlé nítorí òjò, ìlú tí ọ̀run ti ń fọ gíláàsì fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Karùn-ún, wọ́n ní fáànù mi kò ní omi! Gíà tó yẹ kí wọ́n ti wò lọ́dún tó kọjá wọn ò wò ó, omi ni wọ́n wò. Mo sáré lọ ra ike omi kan lọ́dọ̀ ará Túrkì tó wà ní òdìkejì títì, mo rọ ọ́ síbẹ̀ lójú wọn, ó tú jáde fíṣàáà, mo ní ó tán, ẹ pa á rẹ́. Wọ́n ní ó ti wọ kọ̀ǹpútà.

Mo ṣèlérí èéfín fún yín. Dartford ni mò ń gbé, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, lóde ààlà. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2023 ni òfin ULEZ, òfin owó èéfín ọkọ̀, ti gba gbogbo Lọ́ńdọ̀nù kan, dísẹ́ẹ̀lì tí kò bá tíì dé ìpele Euro 6 á san £12.50 lọ́jọ́ tó bá wọlé, ojoojúmọ́ ọdún, àfi ọjọ́ Kérésìmesì. Èéfín yìí kan náà, tí wọ́n lé ẹ́ńjìnì dé góńgó torí rẹ̀, tí ẹ̀rọ ìjọba wò tó ní kò sí ìṣòro, bó bá ti kọjá ààlà wọ Bexley, ó ti di ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i lójú ọ̀nà? Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀gànjọ́ sí ọ̀gànjọ́ ni wọ́n ń ka ọjọ́. Ẹ̀yin oníṣẹ́ àríyá, ṣé ẹ ti rí òwàḿbẹ̀ tó parí kí aago méjìlá òru tó lù rí? Ìgbà yẹn ni wọ́n ń gbé kéèkì jáde! Èmi á wà ní kọ̀rọ̀, mò ń wo aago, mò ń wo àga tí wọ́n ṣì jókòó sí, Àǹtí kan á ní “Bàbá Káyọ̀, orin kan péré ló kù,” onílù á tún bẹ̀rẹ̀ oríkì ẹlòmíràn, aago á kọjá, £12.50 ti di £25 nìyẹn, ta ló máa san án? Mo bi Àǹtí. Ó ní kí n lọ jẹun.

Àbúrò mi pè mí láti Mushin. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò ṣe kúkú fi fáànù yẹn ránṣẹ́ sílé? Níbí, ọba ni!” Ẹ wo ọmọ ìyá mi. Mo ní ṣé o ti gbàgbé pé ọwọ́ ọ̀tún ni síárìn ọkọ̀ ìlú yìí wà ni? Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní ìhà òsì títì bọ́ sí ìhà ọ̀tún, ọkọ̀ ọlọ́wọ́ ọ̀tún kò sì ní àyè nílé mọ́. Ó ní kò burú, kí n tú u, kí n kó èyí tó dáa níbẹ̀ ránṣẹ́, òun á tà á ní ọjà Ládípò. Mo ní kí ni wọ́n ń rà jù níbẹ̀ báyìí? Ó ní ẹ́ńjìnì àti gíà.

Mo pa fóònù.

Fáànù wà lọ́dọ̀ wẹ́dà báyìí, wẹ́dà náà ní “ọ̀la”. Ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni wọ́n fún mi láti gbé e padà kí wọ́n tó sọ pé àyẹ̀wò ọ̀tun ni, wẹ́dà sì mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń yan. Ìkómọ kan wà ní Woolwich lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, mo ti gba àsansílẹ̀, gíà sì ti jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ní fáànù tó lè yá mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo ní owó díẹ̀ tí mo lè fi sílẹ̀, mo sì máa ń fọ ọkọ̀ kí n tó dá a padà. Ẹ má fi ìwé MOT rẹ̀ hàn mí. Ẹ pè mí lórí fóònù, kí ẹ jókòó síbi ìwakọ̀, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọ̀pá gíà, kí ẹ tì í sí ẹyọ kìíní, kí ẹ tì í sí ìkejì, kí ẹ má sọ̀rọ̀, kí n gbọ́.